Òǹkà Agbára Ẹ̀rọ àti Agbára Ọmọ Ènìyàn Lórí Ọpọ́n Ayò

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé Ẹgbẹ́ ní Òṣogbo, níwájú àwọn ìjòyè àti àwọn àlejò láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà)



Ọ̀rọ̀ tí a gbé lé wa lọ́wọ́ lónìí lè dàbí ọ̀rọ̀ eré létí ẹni tí kò tíì rò ó jinlẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ayò ni. Kì í sì ṣe ayò ọlọ́pọ́n tí a bá lọ́wọ́ àwọn baba wa nìkan, bí kò ṣe ayò chess pẹ̀lú, tí àwọn ọmọ wa ń ta lórí fóònù láti òwúrọ̀ títí di ọ̀gànjọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ eré yìí ni ìdájọ́ kan wà tí Ẹgbẹ́ wa gbọ́dọ̀ dá kí oṣù yìí tó parí. Owó tí a dá jọ kò lè gbé ju ọmọ mẹ́fà lọ sí ìdíje. Àwọn ọmọ tí ó sì ń fẹ́ lọ lé ní ogójì. Ta ni kí á mú? Ta ni kí á sọ fún pé kí ó padà sílé? Ní ìpàdé tí ó kọjá, ẹnì kan nínú wa dìde, ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú fóònù rẹ̀ wá, kí á wo òǹkà tí ẹ̀rọ kọ sí orúkọ rẹ̀, kí á sì mú àwọn mẹ́fà tí òǹkà wọn ga jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtẹ́wọ́. Àwa náà pàtẹ́wọ́. Lónìí a wá gba àtẹ́wọ́ wa padà, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Kí á tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí á bu ọlá fún ẹni tí ọlá tọ́ sí. Tunde Onakoya, tí ó dàgbà ní Ìkòròdú, wà lára àwọn tí ó mú kí chess di ohun tí ọmọ mẹ́káníìkì àti ọmọ alájàpá lè fẹnu kàn láìtijú. Ní ọdún 2018 ni ó dá Chess in Slums Africa sílẹ̀ láti kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò tálákà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, òun àti Shawn Martinez, ọmọ Amẹ́ríkà, jókòó ní gbàgede Times Square ní New York, wọ́n sì ta ayò fún wákàtí 60 gbáko, láti fi wá owó fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé. Àwa tí a ń gbé ìhín rí i pé láti ìgbà náà ni ọpọ́n chess ti ń pọ̀ sí i ní àdúgbò wa. Ẹ̀rọ pàápàá kì í ṣe àjèjì sí àwọn ọmọ wọ̀nyí: ọdún 2013 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé ẹ̀rọ Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama; orúkọ náà sì fi hàn pé ọpọ́n ni àwa Yorùbá fi ń ro ohunkóhun tí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ tí ọgbọ́n sì wà lórí rẹ̀.

Ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe òǹkà yìí ni Arpad Elo. Ilẹ̀ Hungary ni a bí i sí ní ọdún 1903. Amẹ́ríkà ni ó dàgbà sí, níbi tí ó ti di olùkọ́ ìmọ̀ físíìsì ní yunifásítì Marquette, ní ìlú Milwaukee. Ẹgbẹ́ chess ti Amẹ́ríkà gba ọ̀nà rẹ̀ wọlé ní ọdún 1960. FIDE, tí í ṣe ẹgbẹ́ àgbáyé, gbà á ní ọdún 1970. Ọ̀nà náà kò ṣòro láti yé ni. Bí o bá borí ẹni tí òǹkà rẹ̀ ju tìrẹ lọ, ìwọ a gòkè púpọ̀. Bí o bá borí ẹni tí ó kéré sí ọ, ìwọ a gòkè díẹ̀. Bí o bá pàdánù, ìwọ a sọ̀kalẹ̀. Bí òǹkà ẹnì kan bá fi 200 ju ti ẹnì kejì lọ, a ń retí pé nínú ayò 100 yóò gba nǹkan bí 76, bí a bá ka ọ̀mì sí ìdajì. Bí ó bá fi 400 jù ú lọ, nǹkan bí 91.

Ẹ kíyèsí ohun tí ó wà níbẹ̀, àti ohun tí kò sí níbẹ̀. Òǹkà náà kò sọ bí ènìyàn ti lágbára tó. Ìyàtọ̀ ni ó ń sọ, ìyàtọ̀ láàrin àwọn tí ó ti bá ara wọn ta, tàbí tí ó ti bá ẹni tí ó bá ẹlòmíràn nínú wọn ta. 1500 tí ó dá dúró kò ní ìtumọ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ní òun ra gàrí kóńgò mẹ́wàá, tí kò sọ kóńgò ọjà wo.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ná Ọjà Ọba níhìn-ín, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà Àtàkúnmọ́sà ní Iléṣà, ẹ̀yin ni ẹ lè kọ́ wa ní èyí. Bí ẹnì kan bá ra ìrẹsì kóńgò mẹ́wàá ní ọjà kan, tí ẹlòmíràn ra kóńgò mẹ́sàn-án ní ọjà kejì, òmùgọ̀ ni yóò sáré sọ pé ti ẹni àkọ́kọ́ ni ó pọ̀ jù. Ìyá tí ó gbọ́n yóò bèèrè pé, “Kóńgò ta ni? Ṣé èyí tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú ni, tàbí èyí tí ìdí rẹ̀ ṣì tẹ́?” Kò sí ohun tí ó lè parí àríyànjiyàn náà bí kò ṣe kí á gbé kóńgò méjèèjì jáde, kí á da ìrẹsì inú ọ̀kan sínú èkejì, kí á wò ó bóyá yóò kún tàbí yóò ṣẹ́kù. Dídà láti inú kóńgò kan sínú èkejì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa lónìí. Níbi tí kò bá ti sí, kò sí àfiwé.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àsọdùn ni, kí ó wo ohun tí FIDE ṣe ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2024. Wọ́n rí i pé òǹkà àwọn tí kò tó 2000 ti rẹlẹ̀ jù; wọ́n sì wo iye tí ó kù kí òǹkà ẹnì kọ̀ọ̀kan tó 2000, wọ́n fi ìdá méjì nínú márùn-ún rẹ̀ kún un. Ẹni tí ó sùn ní 1500 jí ní 1700. Ẹni tí ó sùn ní 1000 jí ní 1400. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó kọ́ ọgbọ́n tuntun kankan ní òru ọjọ́ náà. Kóńgò ni wọ́n pààrọ̀.

Bí ó bá rí báyìí láàrin ènìyàn àti ènìyàn, mélòó-mélòó ni láàrin ènìyàn àti ẹ̀rọ? Ìtàn ìpàdé àwọn méjèèjì kò gùn. Ní ọdún 1996, ní ìlú Philadelphia, Garry Kasparov, tí í ṣe ọ̀ta tí ó ga jù ní gbogbo ayé nígbà náà, borí Deep Blue, ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ IBM, 4 sí 2. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1997, ní New York, ẹ̀rọ náà gbẹ̀san, 3½ sí 2½. Ó lè yẹ ipò 200 mílíọ̀nù wò ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ní ọdún 2005, ní London, ẹ̀rọ Hydra na Michael Adams 5½ sí ½. Ní ọdún 2006, ní Bonn ní ilẹ̀ Jámánì, Deep Fritz borí Vladimir Kramnik tí í ṣe olórí ayé, 4 sí 2. Lẹ́yìn èyí ni àwọn àgbà ọ̀ta dẹ́kun láti máa bá ẹ̀rọ wọ ìjà ọgbọọgba. A kò bá wọn wí; ta ni í bá mọ́tò sáré ìje láti ìhín dé Iléṣà?

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Nígbà tí ènìyàn dìde kúrò nídìí ọpọ́n, àwọn ẹ̀rọ kò dìde. Wọ́n ń bá ara wọn ta lọ́sàn-án lóru, àwọn onímọ̀ sì ń ka òǹkà fún wọn ní irú ọ̀nà ti Elo. Nínú irú ìwé òǹkà bẹ́ẹ̀ ni a ti rí Stockfish tí òǹkà rẹ̀ ju 3600 lọ. Òǹkà tí ó ga jù tí ọmọ ènìyàn tíì ní lọ́wọ́ FIDE ni 2882, èyí tí Magnus Carlsen, ọmọ ilẹ̀ Norway, ní ní oṣù karùn-ún ọdún 2014. Ni àwọn ènìyàn bá yọ èyí kúrò nínú tọ̀hún, wọ́n ní ẹ̀rọ fi ohun tí ó ju 700 lọ ju Carlsen. Ìyọkúrò yìí gan-an ni àṣìṣe. Kóńgò méjì ni. Okùn tí ó so wọ́n pọ̀ ni ìwọ̀nba ayò àtijọ́ tí ènìyàn àti ẹ̀rọ bá ara wọn ta kí wọ́n tó pínyà. Láti ìgbà náà, ìran ẹ̀rọ lórí ìran ẹ̀rọ ni a fi ń so okùn náà gùn sí i. Ẹni tí ó bá ti kọ ebè rí mọ̀ pé bí ìbẹ̀rẹ̀ bá fi ìka kan wọ́, òpin lè fi ẹsẹ̀ bàtà kan wọ́.

Àwọn ará Sweden mọ èyí, wọ́n sì ṣe ohun tí ó yẹ kí á yìn. Ẹgbẹ́ wọn tí ń ka òǹkà fún àwọn ẹ̀rọ mú ẹ̀rọ àti àwọn atayò ilẹ̀ wọn pàdé nínú ayò tí ó ju 300 lọ láàrin ọdún 1987 àti 1991, orí èyí ni wọ́n sì fi ìdí òǹkà wọn lé. Ní ọdún 2000, nígbà tí ó hàn pé òǹkà náà ga ju bí ó ti yẹ lọ, wọ́n yọ 100 kúrò lára gbogbo ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àárẹ̀ kò mú ẹ̀rọ kankan lọ́jọ́ náà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì wá gbọ́. A kò sọ pé ẹ̀rọ kò lágbára ju ènìyàn lọ. Ó lágbára jù. Èyí kò ní àríyànjiyàn nínú. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, ẹ̀rọ Komodo fún Hikaru Nakamura, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ọ̀ta Amẹ́ríkà, ní àǹfààní kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ayò. Nígbà mìíràn ó yọ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ayò tirẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Síbẹ̀ ẹ̀rọ ni ó borí, 2½ sí 1½. Ohun tí a ń sọ ni pé “ó jù ú lọ” jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, “ó fi báyìí jù ú lọ” sì jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ̀rí èkínní ni àwọn ènìyàn sì máa ń gbé wá láti fi jẹ́rìí sí èkejì.

Ẹ jẹ́ kí á kúrò ní òkè níbi tí àwọn olórí ayé wà, kí á sọ̀kalẹ̀ wá sí ilé wa, nítorí níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá. Ẹ̀rọ tí ó wà nínú fóònù ọmọ wa lè na gbogbo ẹni tí ó wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Kí ọmọdé má bàa sá fún un ni wọ́n ṣe sọ ọ́ di aláìlera, tí a pàṣẹ fún un pé kí ó máa ṣìṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. A lè dín agbára Stockfish kù títí dé ibi tí wọ́n kọ 1320 sí. Ẹ̀rọ bí tirẹ̀ ni a sì fi wọn 1320 náà, kì í ṣe àwọn ọmọ Òṣogbo. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ a máa ta bí ọ̀ta fún ìgbà pípẹ́, lójijì a sì fi ọmọ ayò rẹ̀ tí ó níye lórí jù sílẹ̀ fún ọ láìnídìí. Ènìyàn kì í ṣìṣe báyìí. Òpè ènìyàn ń ṣìṣe nítorí pé kò rí. Ó ń ṣìṣe nítorí ojúkòkòrò, tàbí ìbẹ̀rù, tàbí nítorí pé ebi ń pa á. Ọmọ tí ó bá ti kọ́ láti máa dúró de ìṣubú ẹ̀rọ ti kọ́ nǹkan nítòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan náà kò ní wúlò fún un níwájú ẹni tí kì í mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú. Àwọn onímọ̀ kan ní yunifásítì Toronto àti Cornell, pẹ̀lú àwọn ti Microsoft, rí àléébù yìí. Ní ọdún 2020 wọ́n gbé ẹ̀rọ kan jáde tí wọ́n pè ní Maia, tí a fi àìmọye ayò tí ènìyàn ti ta kọ́, kí ó lè máa ta, kí ó sì máa ṣìṣe, bí ènìyàn. Iṣẹ́ ńlá ni. Ẹ sì wò ó pé kí ẹ̀rọ tó lè jọ ènìyàn, ọ̀dọ̀ ènìyàn ni wọ́n ní láti padà sí.

Àwọn tí kì í bá ẹ̀rọ ta, tí ó jẹ́ pé ènìyàn bí tiwọn ni wọ́n ń bá pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ilé kọ̀ọ̀kan ni ó ní kóńgò tirẹ̀. Ní Lichess, 1500 ni a fi ń kí àlejò káàbọ̀, ìbáà ṣe ọ̀ta, ìbáà ṣe òpè, kí ó tó máa gòkè tàbí máa sọ̀kalẹ̀.

Ní ọdún tí ó kọjá, àwa gan-an ni a ṣẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí á jẹ́wọ́ rẹ̀. Àyè kan ṣoṣo ni ó kù, ọmọ méjì sì ń fẹ́ ẹ. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ Iléṣà, tí fóònù rẹ̀ kọ 1800 fún un. Èkejì jẹ́ ọmọṣẹ́ mẹ́káníìkì níhìn-ín ní Òṣogbo, tí kò ní fóònù. Orí pákó tí ó fi ọ̀dà kùn fúnra rẹ̀ ni ó ti ń ta ayò, ìdérí ìgò sì ni ó fi ṣe ọmọ ayò. Kò ní òǹkà kankan tí ó lè fi hàn wá. A mú ẹni tí ó ní òǹkà. Lẹ́yìn tí a ti fi orúkọ ránṣẹ́ tán ni àwọn ọ̀rẹ́ wọn mú àwọn méjèèjì jókòó kọjú sí ara wọn. Ayò márùn-ún ni wọ́n ta. Ọmọ Òṣogbo gba mẹ́rin. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ Iléṣà náà fúnra rẹ̀ ni ó wá bá wa, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin baba, ẹ fi àyè náà fún un.” Ó ti bọ́, kò sí ọ̀nà mọ́ láti pààrọ̀ orúkọ. Ọmọ yìí kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni: 1800 rẹ̀ jẹ́ òtítọ́ níbi tí ó ti rí i. Àwa ni a gbé e kúrò níbẹ̀ tí a sì ń ná an bí owó ní ọjà tí a kò ti mọ̀ ọ́n. A mọ̀ pé ayò márùn-ún kéré jù láti fi dájọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n ó ju òdo lọ, òdo sì ni iye ayò tí àwa rí kí á tó yàn. Níti ọmọṣẹ́ mẹ́káníìkì náà, ó kí wa, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. A kò sì tíì rí i ní ìpàdé wa mọ́ láti ìgbà náà.

Àwọn àgbà lè wí pé ti chess nìyẹn, kí ni ó kan ayò ọlọ́pọ́n? Ó kàn án, bóyá ju ti chess lọ. Ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal, ní Vrije Universiteit ní ìlú Amsterdam, fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò awari, tí í ṣe ìbátan ayò wa tímọ́tímọ́: ilé 12, ọmọ 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, tí a ń jẹ ní méjì àti ní mẹ́ta. Ojú kọ̀ǹpútà 144 ni ó jùmọ̀ ṣiṣẹ́ náà fún wákàtí 51. Láti òpin ayò ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń padà sẹ́yìn, títí wọ́n fi mọ èsì gbogbo ipò tí ó lè wà lórí ọpọ́n, tí iye rẹ̀ jẹ́ 889,063,398,406. Èsì náà ni pé bí ọwọ́ méjèèjì bá ta á láìṣìṣe rárá, ọ̀mì ni, 24 sí 24.

Kí ni òǹkà agbára irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀? Kò ṣeé fún ní òǹkà kan tí yóò bá a lọ síbi gbogbo, nítorí kì í ṣìṣe. Síbẹ̀ ẹ gbé e ka iwájú ọ̀ta tí ó jókòó lábẹ́ igi. Bí ọ̀nà mẹ́ta bá wà tí gbogbo wọn jásí ọ̀mì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba lójú ẹ̀rọ. Lójú ọ̀ta, wọn kò dọ́gba. Ó mọ èyí tí yóò da ojú ẹni tí ó kọjú sí i rú. Ó mọ̀ pé ọkùnrin yìí a máa kánjú bí odù bá ti ń wú nínú ilé rẹ̀. Ó ń gbọ́ ohun tí àwọn òǹwòran ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà sì lè fi kún un. Nítorí náà ó lè jẹ́ pé ẹni tí ẹ̀rọ aláìlábàwọ́n yóò bá ta ọ̀mì ni ọ̀ta ènìyàn yóò nà. Ìwé A. O. Odeleye lórí ayò, tí a tẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1977, ti ṣe iṣẹ́ ńlá ní ti òfin àti ọgbọ́n eré náà. Ṣùgbọ́n ta ni ó borí ta ni, lọ́jọ́ wo, ní ìlú wo, kì í ṣe àṣà wa láti kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ọ̀ta bá sì kú, a ó máa pìtàn rẹ̀ títí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n yóò fi tán.

Ohun tí a mú wá síwájú Ẹgbẹ́ nìyí. Kí àwọn ọmọ tí ó lé ní ogójì yìí péjọ ní ọjọ́ Sátidé méjì, ọ̀kan ní Òṣogbo, ọ̀kan ní Iléṣà. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ta ayò mẹ́wàá, ó kéré tán, kí ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ pẹ̀lú ọmọ ìlú kejì. Ìdajì yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ: bí àwọn Òṣogbo bá ń bá Òṣogbo nìkan ta, tí Ìjẹ̀ṣà ń bá Ìjẹ̀ṣà nìkan ta, kóńgò méjì ni a ó tún ní, ìjà ta ni ó pọ̀ jù yóò sì gbilẹ̀ láàrin ìlú méjì tí kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà lọ síra wọn. Fóònù ń bọ̀ wá wúlò fún ìdánrawò. Kí wọ́n fi sílé lọ́jọ́ náà.

Akápò wa ti béèrè, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, pé owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ńkọ́. A ti ṣírò rẹ̀: kò tó owó tí a ó fi rán ọmọ méjì lọ sí ìdíje. Bí Ẹgbẹ́ bá gbà, ọmọ márùn-ún ni a ó rán dípò mẹ́fà, tàbí mẹ́rin bí ọ̀nà bá wọ́n. A ó sì mọ ẹni tí a rán.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ náà ni a fẹ́ kí ọpọ́n ayò mẹ́rin wà fún àwọn àgbà ní ọjọ́ méjèèjì, kí akọ̀wé kan sì máa kọ èsì wọn bí ti àwọn ọmọ. Ìjòyè tí ó bá ní ọpọ́n tí ó lè yá wa, kí ó fi tó akọ̀wé létí kí ó tó jáde ní gbọ̀ngàn yìí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ń gba ọ̀nà ìsọ̀ àwọn mẹ́káníìkì kọjá lọ sílé, kí ó bá wa wá ọmọ tí ó fi ìdérí ìgò ta ayò, kí ó sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ ni a kọ́kọ́ kọ sínú ìwé.